Ewé Kan, Ife Méjì

Oyin ló wà nísàlẹ̀ ife tí òkú náà fi mu omi ewé. Ohun àkọ́kọ́ tí dókítà tó ń yẹ òkú wò sọ lórí fóònù nìyẹn, kó tó wúkọ́, kó tó wá sọ èyí tó wúwo.

"Oyin wà níbẹ̀, ewé wà níbẹ̀. Èérún búlúù kan náà wà níbẹ̀, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ewé kọ́ ló pa ọkùnrin yìí. Oògùn oníhóró méjì ló pàdé nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ ni èyí tí àwọn ọkùnrin ń lò kí wọ́n lè ṣe bí ọkùnrin lórí ibùsùn, èèpo rẹ̀ búlúù. Ìkejì ni èyí tí àwọn tí àyà ń dùn máa ń fi sábẹ́ ahọ́n. Àwọn méjèèjì kì í gbé inú ilé kan. Bí wọ́n bá pàdé, ẹ̀jẹ̀ á lọ sílẹ̀ wọ̀ọ̀, ọkàn á sì dákẹ́."

"Ta ló kó wọn pàdé?"

"Ìyẹn, iṣẹ́ tiyín ni," ni dókítà wí, ó sì gé fóònù.

Obìnrin tó gba ìpè yìí ni gbogbo àgọ́ ọlọ́pàá ń pè ní Kílókù. Ìyá rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ o, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rántí orúkọ ọ̀hún mọ́. Níbikíbi tí ọ̀ràn bá ti ṣẹlẹ̀, nígbà tí àwọn yòókù bá ń wo ohun tó wà nílẹ̀, òun a yí ojú ká, a béèrè pé, "Kí ló kù?" Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ ló máa ń wá. Ó ti ń béèrè rẹ̀ bọ̀ láti ìgbà tí irun rẹ̀ ti dúdú títí ó fi funfun, ẹsẹ̀ rẹ̀ a sì máa wú nínú bàtà bí ọ̀sán bá ti pọ́n. Ká sọ tòótọ́, ó ti rẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí oorun ń wò. Ó mọ̀ pé ọ̀ràn yòówù kí òun já, ẹnì kan ni yóò fi ẹkún parí rẹ̀, òun á sì padà sí ilé tí kò sẹ́ni tó máa kí òun káàbọ̀.

Èyí tó wà nílẹ̀ yìí kò gba àlàyé púpọ̀. Wọ́n bá ọkùnrin kan tó ń tún aago ṣe, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Aláago, nínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó jókòó sórí àga, ó ti kú, ife omi ewé sì wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀. Ewé náà kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni ládùúgbò. Amúnúdùn ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn aláwàdà ń pè é ní ewé ọkọ ìyàwó, torí àwọn ọkùnrin tó ti ń dàgbà máa ń rà á ní bòókẹ́lẹ́, wọ́n á sì dorí kodò gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ sílé. Ìyá àgbà kan, Ìyá Eléwé, ló ń tà á. Bàbá Aláago ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ìyàwó tó fẹ́ lẹ́yìn tí ti àkọ́kọ́ kú kò sì tíì pé ọgbọ̀n. Kí ni ará àdúgbò tún fẹ́ gbọ́? Wọ́n ti dá ẹjọ́ náà tán kí ọlọ́pàá tó dé, Ìyá Eléwé sì ti wà látìmọ́lé láti ìjẹta.

Ọ̀gá àgbà yọ orí sínú yàrá. Ọkùnrin tí kì í jókòó ni, bí ẹni pé àga ń jóni.

"Mo gbọ́ pé dókítà ti pè. Hóró òyìnbó, àbí? Ó parí nìyẹn. Ìyá yẹn ló ń lọ̀ ọ́ mọ́ ewé rẹ̀ kí ọjà lè yá."

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ọ̀gá. Ó sì lè má rí bẹ́ẹ̀."

"Kílókù, ẹ má bá mi dá wàhálà sílẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ kọ ẹ̀sùn ìpànìyàn sí i lọ́rùn. Ilé ẹjọ́ ń retí rẹ̀ lọ́la."

Ó ti lọ kí ó tó parí ọ̀rọ̀. Kílókù jókòó síbẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ìyá Eléwé ti lé ní àádọ́rin ọdún dáadáa. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wọ ẹ̀wọ̀n lórí ẹ̀sùn ìpànìyàn, òkú rẹ̀ ni wọn yóò gbé jáde. Ó dìde, ó sì gba yàrá àtìmọ́lé lọ.

*

"Màmá, ẹ kú ìrọ́jú."

"Ìrọ́jú wo? Sìmẹ́ńtì yín tutù, ẹ̀fọn yín kò sì mọ àgbà." Ìyá Eléwé fa ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì jọ, ó fi àyè sílẹ̀ lórí pákó. "Jókòó, ọmọ mi. Ó jọ pé ó rẹ̀ ọ́ ju èmi tí ẹ tì mọ́lé lọ."

Kílókù jókòó. Òótọ́ ni ìyá náà sọ.

"Ẹ sọ fún mi bí ẹ ṣe ń ṣe ewé náà. Ẹ má fo ibì kankan."

"Ẹ̀yin ọlọ́pàá náà fẹ́ kọ́ṣẹ́? Ó dáa. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni mo ń já a, kí oòrùn tó là, nígbà tí òórùn dídùn rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Abẹ́ òjìji ni mo ń sá a sí. Bí oòrùn bá fi lè tẹ̀ ẹ́ lójú, ó ti di koríko nìyẹn, ewúrẹ́ ni kí o fún. Bó bá gbẹ tán, n kì í lọ̀ ọ́, n kì í gún un. Odindi ewé ni oníbàárà mi ń gbà, kó lè fojú ara rẹ̀ rí ohun tó rà."

"Ẹ ò lọ̀ ọ́ rí?"

"Láyé. Ẹni tó bá ta ewé lílọ̀ fún ọ, bí ó lọ pàǹtí mọ́ ọn, báwo lo ṣe máa mọ̀? Bí oníbàárà bá dé, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo máa ń bi í. Ara ni, àbí ọkàn?"

Kílókù gbé ojú sókè.

"Ọ̀nà méjì ni ewé yẹn ní," ni ìyá náà ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ohùn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jí. "Bí ó bá ní ti ara ni, ọ̀rọ̀ yàrá nìyẹn. Èmi fúnra mi ni mo ń rẹ tiẹ̀ sínú ọtí líle pẹ̀lú oyin, màá gbé e sínú òkùnkùn títí ọtí á fi pọ́n. Ìgò ni mo máa ń gbé lé e lọ́wọ́. Ṣíbí kan ṣáá lálẹ́ o, kì í ṣe kó gbé ìgò sẹ́nu bí ọmọ ọmú. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní ti ọkàn ni, ìyẹn ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́, tí kò rí oorun sùn, tí ẹ̀rín sọnù lẹ́nu rẹ̀, ewé gbígbẹ ni tiẹ̀. Omi gbígbóná ni kó dà lé e, kó má sè é lórí iná rárá. Kó fi àwo pẹlẹbẹ dé e kí òórùn rẹ̀ má bàa sá lọ. Bó bá ṣí i, kó kọ́kọ́ fi imú fa ooru rẹ̀ kó tó fi ẹnu kàn án."

"Oyin ńkọ́?"

Ìyá Eléwé wò ó bí ẹni tí wọ́n bú. "Oyin nínú ti ọkàn? Kí ló ń wá níbẹ̀? Ewé náà ní adùn tirẹ̀. Torí ìkorò ọtí la ṣe ń da oyin sí ti ara."

"Èwo ni Bàbá Aláago rà?"

"Gbígbẹ."

"Ti ọkàn nìyẹn. Ọkàn ta ni, Màmá?"

Ìyá náà yí ojú sí ẹnu ọ̀nà. Ọlọ́pàá kan kọjá lóde, kọ́kọ́rọ́ ń ró nídìí rẹ̀.

"Ẹnu mi ni ìlẹ̀kùn ìsọ̀ mi," ló wí níkẹyìn. "Ẹni tó bá bọ́ aṣọ lójú mi kò retí kí n pe ọjà wá wò ó. Bí mo bá ṣí ìlẹ̀kùn yẹn lónìí torí pé sìmẹ́ńtì tutù, ta ló tún máa wá bá mi lọ́la?"

"Màmá, ẹ̀wọ̀n ni wọ́n fẹ́ fi yín sí."

"Mo gbọ́. Èyí tó gbé ẹ̀wà wá fún mi láàárọ̀ ti fi dẹ́rù bà mí títí ẹ̀wà fi tutù." Ó mí kanlẹ̀. "Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe àṣírí ẹnikẹ́ni, òfin ewé ni, mo sì ń kìlọ̀ rẹ̀ fún gbogbo wọn. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ wúwo kì í dá omi yẹn mu. Ẹni tó bá a rà á gbọ́dọ̀ bá a mu ún. Ife méjì, lójú kan náà, lórí ìjókòó kan. Bí a bá ní kí aláìsàn dá a mu, ó kàn jókòó ti ìbànújẹ́ rẹ̀ ni."

Kílókù dìde díẹ̀díẹ̀, ó fi ọwọ́ ti orúnkún. Ife kan ṣoṣo ni wọ́n gbé wá láti ṣọ́ọ̀bù aláago. Ó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ.

*

Sájẹ́ǹtì tó ń bá a ṣiṣẹ́ ló wa ọkọ̀. Eyín ń dun ọkùnrin náà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan ti wú, kò sì torí ìyẹn dẹ́kun ọ̀rọ̀ sísọ.

"Màdáámù, ìyá yẹn mà ló ṣe é. Kí la tún ń wá kiri?"

"Oyin."

"Oyin ṣe kí ni?"

"Odindi ewé ni ìyá náà ń tà. O rí àpò rẹ̀ nígbà tí ẹ gbé e. Ṣé ìyẹ̀fun oògùn máa dúró lára odindi ewé, kó má jábọ́? Kò sì sí oyin nínú ohun tó tà fún ọkùnrin yìí. Ẹnì kan ló da oyin sí ife yẹn. Kí ni wọ́n ń fi oyin bò?"

Sájẹ́ǹtì ronú, ó fi ọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. "Ohun tó korò."

"Káre. Wa ọkọ̀."

Àbúrò òkú ló ń dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Akunlé ni, òun náà ló kọ́kọ́ bá òkú. Nígbà tó na ọwọ́ láti ṣí ìlẹ̀kùn, Sájẹ́ǹtì gún Kílókù ní ìgbọ̀nwọ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Búlúù ló kún gbogbo èékánná ọkùnrin náà.

"Ọwọ́ rẹ búlúù," ni Kílókù wí.

"Ọ̀dà ni, Màdáámù. Ilé ìwé kan là ń kùn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Kẹrosíìnì gan-an ò lè bọ́ ọ."

"Àbí o rò pé dókítà ò mọ ọ̀dà yàtọ̀ sí oògùn?" ni Kílókù sọ sí Sájẹ́ǹtì létí. Sájẹ́ǹtì tún di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú.

Inú ṣọ́ọ̀bù kún fún ìró. Aago ló bo ara ògiri, ńlá àti kékeré, gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́, kò sì sí méjì tó fi ẹnu kò lórí àkókò. Ẹni tó ni wọ́n kò sí níbẹ̀ mọ́ láti tò wọ́n, oníkálùkù ti ń ṣe tinú ẹ̀. Lórí tábìlì yàrá ẹ̀yìn, Kílókù tẹ̀ ba, ó yẹ pákó náà wò lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àmì róbótó méjì ló wà níbẹ̀, irú èyí tí ìdí ife gbígbóná máa ń fi sílẹ̀ lára pákó, ọ̀kan níwájú àga òkú, èkejì ní òdìkejì.

"Ta ló kó ife kejì?"

"Èmi ò rí ife kejì nígbà tí mo dé o," ni Akunlé wí. "Ó ní láti jẹ́ pé ìyàwó ti gbé tiẹ̀ lọ. Òun ló máa ń gbé omi ewé wá lọ́sàn-án, wọ́n jọ máa ń mu ún ni."

"Wọ́n jọ máa ń mu ún! O ò sọ bẹ́ẹ̀ fún wa níjọ́sí."

"Ẹ máa bínú, Màdáámù. Ẹ ò bi mí."

Ó sún mọ́ wọn, ó dín ohùn kù. "Ẹ̀bi èmi náà wà níbẹ̀. Mo máa ń fi ẹ̀gbọ́n mi ṣe yẹ̀yẹ́. Bí mo bá ti bá wọn nídìí ife, màá ní, 'Ọkọ ìyàwó, ewé ń ṣiṣẹ́ àbí kò ṣiṣẹ́?' Lójú ìyàwó wọn ni o. Wọ́n á kàn rẹ́rìn-ín, wọn kì í fèsì. Àti pé ilé wọn ti wúwo kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ewé yẹn, láti ìgbà tí oyún ti bàjẹ́ lára ìyàwó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Màá ní kí n pa wọ́n lẹ́rìn-ín ni."

Kílókù yí kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ti gbé ojú sí ara ògiri.

"Ṣé àyà máa ń dun ẹ̀gbọ́n rẹ?"

"Rárá o! Ara wọn le bí òkúta."

"Aago wo nìyẹn?"

Nínú gbogbo aago tó wà níbẹ̀, ẹyọ kan péré ni kò ró. Aago onígi ni, ó wà lókè ìdí iṣẹ́ òkú gan-an, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dúró síbì kan.

"Tiwọn ni. Ó ti pẹ́ tó ti kú. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n jù ú nù, wọ́n yarí."

"Ọkùnrin tó ń jí aago gbogbo ayé, ó wá fi tirẹ̀ sílẹ̀ ní òkú sórí ara rẹ̀," ni Kílókù wí. "Sájẹ́ǹtì, gbé e wá."

Ó ṣí ẹ̀yìn aago náà. Kò sí ìfun nínú rẹ̀ rárá, wọ́n ti yọ gbogbo irin rẹ̀ kúrò. Òwú ni wọ́n tẹ́ sínú rẹ̀, ìgò oògùn kékeré kan sì sùn sórí òwú náà. Àwọn hóró inú rẹ̀ kò ju kóró ata lọ, ara ìgò sì sọ pé abẹ́ ahọ́n ni kí wọ́n fi sí bí àyà bá ń dùn.

Akunlé wo ìgò náà títí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láìbo ojú. "Kí ló dé tí wọn ò sọ fún wa? Àní kí ló dé?"

"Ta ni yóò sọ ọ́ fún?" ni Kílókù wí, ohùn rẹ̀ kò le. "Ó fẹ́ ọmọ tó lè bí lọ́mọ. Ìwọ sì ń pè é ní ọkọ ìyàwó láàárọ̀ lálẹ́."

*

Ìyàwó ń gbé inú yàrá méjì lókè ilé kan tí kò jìnnà. Aránṣọ ni. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà lójú fèrèsé, aṣọ ọmọdé kan tí kò tíì parí wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti wú. Ó kúnlẹ̀ kí Kílókù, kò sì tètè dìde.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá."

"Dìde, ìyàwó. Níbo ni ife rẹ wà?"

Ọmọbìnrin náà dìde. Lẹ́yìn náà ló nawọ́ sí orí fèrèsé. Ife náà wà níbẹ̀, irú kan náà pẹ̀lú ti òkú, àwo pẹlẹbẹ ṣì dé e lórí. Kílókù ṣí i. Ewé ti gbẹ mọ́ ìdí rẹ̀. Ó fi ìka kàn án, kò lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, kò sì sí oyin kankan níbẹ̀.

"Ewé kan náà, omi kan náà, kẹ́tùlù kan náà," ni Kílókù wí. "Oyin wà nínú ti ọkọ rẹ, kò sí nínú tìrẹ. Kí ló dé?"

"Wọ́n... wọ́n fẹ́ràn oyin."

"Láti ìgbà wo?"

Kílókù rìn lọ sí ibi tábìlì tí wọ́n ti ń lọ aṣọ. Áyọ́ọ̀nù wà níbẹ̀, irú ti àtijọ́ tó wúwo, aṣọ funfun kan sì wà lábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ́ po. Ó ṣí aṣọ náà ní ìṣẹ́po kan, ó ṣí i ní ìkejì. Àbàwọ́n kékeré kan wà láàárín rẹ̀, ó búlúù.

"Ṣọ́ọ̀kì ni," ni ìyàwó yára wí. "Èyí tí a fi ń sàmì sí aṣọ ni."

Kílókù wo inú ike tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Ṣọ́ọ̀kì funfun wà níbẹ̀, èyí tó pọ́n bí òdòdó wà níbẹ̀. Ó gbé ike náà, ó gbé e ka iwájú ọmọbìnrin náà. Kò sí búlúù níbẹ̀. Ó rẹ̀ ẹ́ láti sọ ọ́. Nígbà mìíràn, ẹni tó purọ́ pàápàá máa ń dúró de ẹni tí yóò bá a sọ ẹrù náà kalẹ̀.

"Èmi ni," ni ìyàwó wí. "Èmi ni, Màmá. Mo rà á lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì. Mo fi aṣọ wé e, mo fi áyọ́ọ̀nù tútù tẹ̀ ẹ́ títí ó fi kúnná. Mo dà á sínú tiwọn, mo fi oyin sí i kí wọ́n má bàa mọ̀."

Sájẹ́ǹtì sún mọ́ ìlẹ̀kùn. Kílókù fi ojú dá a dúró.

"Kí ló dé?"

"Nítorí àánú wọn ń ṣe mí!" Ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀ pẹ̀lú ẹkún. "Láti ìgbà tí oyún ti lọ, wọn ò fọwọ́ kàn mí mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ewé ọkọ ìyàwó wálé. Mo ní, háà, ọjọ́ orí ti dé sí wọn, ojú ń tì wọ́n ni. À ń mu ún, à ń mu ún, kò sí nǹkan kan. Àbúrò wọn ń fi wọ́n ṣẹ̀sín lójú mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́. Mo ní kí n ràn wọ́n lọ́wọ́ láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀. Kí wọ́n lè rò pé ewé àwọn náà ló ṣiṣẹ́, kí iyì wọn má bàa lọ. Mo mu tèmi, mo gbé ife mi, mo wá ránṣọ. Ìgbà tí wọ́n pè mí, wọ́n ti kú."

"O sì mọ̀ pé ìyá àgbà kan ń sùn lórí sìmẹ́ńtì nítorí ọ̀rọ̀ yìí." Inú bí Kílókù, kò sì bò ó mọ́lẹ̀. "O mọ̀, o sì dákẹ́."

"Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé ewé àti oògùn ló jà nínú wọn. Mo ní bóyá ẹ̀bi ìyá náà wà nínú rẹ̀. Mo fẹ́ kó wà nínú rẹ̀."

Kílókù fa àga, ó jókòó. Ó yọ ìgò kékeré náà, ó gbé e lé orí aṣọ tó wà lábẹ́ abẹ́rẹ́.

"Àyà ń dun ọkọ rẹ. Inú aago tó ti kú ló ń fi oògùn rẹ̀ pamọ́ sí, kí o má bàa mọ̀ pé arúgbó aláìsàn lo fẹ́. Nígbà tí èyí tí o fún un bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú, ó rò pé àyà náà ló tún dé, ó sì fi ọ̀kan sábẹ́ ahọ́n. Àwọn méjèèjì ló pàdé. Ewé kò ṣẹ̀."

Ìyàwó na ọwọ́ sí ìgò náà, kò fọwọ́ kàn án.

Ó yẹ kí Kílókù dúró síbẹ̀. Iṣẹ́ ti parí, èyí tó kù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bí òun kò bá sọ ọ́, ọmọ yìí yóò gbé ayé rẹ̀ yòókù pẹ̀lú irọ́ kan lórí ọkọ rẹ̀.

"Ìyàwó, nígbà tí ẹ bá fẹ́ mu ún, ta ló máa ń kọ́kọ́ mu?"

"Èmi ni. Wọ́n á ní kí n kọ́kọ́ fi imú fa ooru rẹ̀. Wọ́n á máa wò mí títí màá fi mu ún tán, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá gbé tiwọn mì bí ẹni ń lo oògùn. Mo rò pé wọ́n fẹ́ kí ara mi náà jí ni."

"Ìgò ni ìyá yẹn ń tà fún ọ̀rọ̀ yàrá. Ọkọ rẹ kò ra ìgò. Ewé gbígbẹ ló rà, ìyẹn ti ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́, tí kò rí oorun sùn. Ẹni náà kò sì gbọdọ̀ dá a mu, ẹni tó rà á fún un gbọ́dọ̀ bá a mu ún." Kílókù sún àga mọ́ ọn. "Kò rà á fún ara rẹ̀."

Ìyàwó wò ó. Ọ̀rọ̀ náà kò tètè wọlé.

"Oorun ti ń kùn mí," ló wí jẹ́jẹ́. "Láti bí oṣù kan. Mo rò pé ọgbẹ́ ló ń jinná fúnra rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo kọrin nídìí ẹ̀rọ yìí. N kò mọ̀ pé mò ń kọrin. Ìgbà tí mo gbójú sókè, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bàtà wọn lọ́wọ́, wọ́n ń gbọ́ mi. Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn..."

Ó ṣubú lu ẹ̀rọ ìránṣọ náà, ẹkún tó sun sì mú kí Sájẹ́ǹtì tí eyín ń dùn pàápàá jáde lọ dúró lórí àtẹ̀gùn.

*

Inú ọ̀gá àgbà kò dùn. Ẹ̀sùn ìpànìyàn kúrò lọ́rùn Ìyá Eléwé, ó di èyí tó fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́rùn ìyàwó, adájọ́ ni yóò sọ bí yóò ṣe fúyẹ́ tó. Ìyàwó wọ yàrá tí Ìyá Eléwé ti jáde.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ìyá náà gba àpò rẹ̀ padà, ó tú u yẹ̀ wò bóyá wọ́n ti bà á jẹ́. Ó fa ìdì ewé gbígbẹ kan jáde, ó nà án sí Kílókù.

"Fún ọmọ yẹn."

"Màmá, òun ló jẹ́ kẹ́ ẹ sùn síbí."

"Mo mọ̀. Inú ń bí mi sí i, yóò sì máa bí mi fún ìgbà díẹ̀ sí i. Ṣé ìyẹn ló máa mú ọkàn tiẹ̀ fúyẹ́?" Ó gbé àpò kọ́ èjìká. "Mo bi ọkọ rẹ̀ níjọ́ yẹn, mo ní ara ni àbí ọkàn. Ó ní, 'Ọkàn ni, Màmá, kì í sì ṣe tèmi.' Ní báyìí tí o ti fúnra rẹ mọ̀ ọ́n, mo lè sọ ọ́. O mọ òfin rẹ̀ o."

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Ta ló máa bá a mu ún?"

Ìyá náà kò dúró gbọ́ èsì, ó ti ń lọ. Kílókù wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi yà ní kọ̀rọ̀. Sájẹ́ǹtì ti lọ bá oníṣègùn eyín, ọ̀gá àgbà ti wọ ọkọ̀ rẹ̀.

Ó gbé omi kaná nínú ọ́fíìsì. Nígbà tó hó, ó gbé e sọ̀ kalẹ̀, ó jẹ́ kí híhó rẹ̀ rọlẹ̀, ó sì dà á lé ewé nínú ife méjì. Kò rí àwo pẹlẹbẹ, ó fi ìdérí ike dé wọn. Ó gbé wọn wọ yàrá àtìmọ́lé, ó jókòó sórí pákó níbi tó jókòó sí láàárọ̀, ó bọ́ bàtà kúrò lẹ́sẹ̀ tó wú.

Ìyàwó sún sẹ́yìn mọ́ ògiri nígbà tó gbọ́ òórùn rẹ̀. "N kò lè mu ún, Màmá."

"Ewé ni. Kò sí ohun mìíràn nínú rẹ̀. Èmi ni mo ṣe é."

Ọmọbìnrin náà wo ife kan, ó wo èkejì. "Ẹ̀yin náà fẹ́ mu ún?"

"Òfin rẹ̀ ni."

Kílókù ṣí tirẹ̀, ó sì fi imú fa ooru rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọmọbìnrin náà tó kúrò lára ògiri, ó sì ṣí ìdérí ife tirẹ̀. Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀, wọ́n ń mu ún díẹ̀díẹ̀. Ó ti pẹ́ gan-an tí ẹnikẹ́ni ti bá Kílókù jókòó mu nǹkan.